Ilé Là Á Wò: Ìwádìí Tó Yẹ Kí Ẹbí Ṣe Kí Àgbà Tó Wọ Ilé Ìtọ́jú

Ìbà àwọn tó ṣáájú wa dé ìlú London yìí ni mo kọ́kọ́ jẹ́, àwọn tó dé nígbà tí kò sí ẹni tó ń ta elùbọ́ ní Peckham, tó jẹ́ pé ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n fi ń ro òkèlè. Wọ́n wá kàwé, wọ́n ní bí àwọn bá ti gbàwé ẹ̀rí tán, ilé yá. Iṣẹ́ dé, ọmọ dé, ilé-ìwé ọmọ dé, àjò di ilé. Àwọn tó jẹ́ géńdé ní 1965 ti wọ ọgọ́rin ọdún báyìí, àwọn mìíràn ti kọjá rẹ̀. Orí wọn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ sókè láàárín wa. Orí fóònù ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń sọ ọ́ lálẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn: “Màmá kò lè dá gbé mọ́. Kí la fẹ́ ṣe?” Ẹ̀gbọ́n ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Àbúrò ń gbé òkè kẹta, kò sì sí ẹ̀rọ agbéniròkè níbẹ̀. Màmá ti gbàgbé gáàsì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan á wá dárúkọ ilé ìtọ́jú, gbogbo wọn á sì dákẹ́ bí ẹni pé ó ṣépè.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Èmi náà gba òwe yìí gbọ́ bí ẹ ti gbà á gbọ́. Àmọ́ àwọn tó pa á kò sọ pé inú ihò kan ṣoṣo ni òkété ti gbọ́dọ̀ mu ọmú náà. Ọmọ tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀ láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó fi oúnjẹ tútù sílẹ̀ fún wọn, kò tíì tọ́jú ìyá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ń sùn. N kò wá síbí láti sọ pé kí ẹ gbé àgbà yín lọ sí ilé ìtọ́jú. Ẹni tó bá lè tọ́jú wọn dáadáa nílé, kí Ọlọ́run túbọ̀ fún un lágbára. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ti dójú ẹ̀ fún ni mo ń bá sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ kó mọ ohun tí yóò wò.

Nígbà àtijọ́, bí ọmọbìnrin ilé kan bá fẹ́ lọ sílé ọkọ, ẹbí rẹ̀ kì í wo bí wọ́n ṣe kun ògiri ilé ọkọ sí. Wọ́n á rán ènìyàn lọ bi àwọn aládùúgbò: ṣé wọ́n máa ń jà nínú ilé yẹn? Ṣé wọ́n jẹ gbèsè? Àwọn ìyàwó tó ti wọ ibẹ̀, ṣé wọ́n ń pẹ́? Irú ìwádìí yìí gan-an ló tọ́ sí ilé tí a fẹ́ gbé ìyá wa sí. Ìdáhùn tí èmi rí níbẹ̀ kò ju méjì lọ: ọwọ́ tó wà nínú ilé ni kí ẹ wò ju ògiri rẹ̀ lọ, ilé tí ẹ lè máa yà sí nígbà gbogbo sì sàn ju ilé tó rẹwà tó jìnnà.

Ìkánjú ni ọ̀tá àkọ́kọ́

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń yan ilé ni wọ́ọ̀dù ọsibítù. Màmá ṣubú ní kíṣíìnì, egungun ìbàdí ṣẹ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Láìpẹ́, dókítà ní ara wọn ti le tó láti kúrò, pé ẹlòmíràn nílò bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á na ìwé tí orúkọ ilé pọ̀ nínú rẹ̀ sí ọmọ. Èyí tí yàrá bá ṣófo nínú rẹ̀ ni ọmọ máa ń mú. Ẹ rántí pé yàrá lè ṣófo nítorí pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó sì lè ṣófo nítorí pé ẹnikẹ́ni tó mọ ilé náà kò fẹ́ ẹ.

Òfin ilẹ̀ yìí fún wa láyè láti ṣáájú ìkánjú. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní Care Act, tí wọ́n ṣe ní 2014, bí àgbàlagbà kan ní England bá jọ ẹni tó nílò ìtọ́jú, dandan ni kí káńsù ṣe àyẹ̀wò ohun tó nílò, ì báà jẹ́ olówó tàbí tálákà. Ẹ ké sí káńsù kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Àyẹ̀wò náà lè fi hàn pé àkókò ilé ìtọ́jú kò tíì tó: bóyá irin ìdìmú nínú balùwẹ̀ àti ẹni tí yóò máa wá wẹ̀ wọ́n láràárọ̀ ti tó.

Ẹni tí ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni àgbà fúnra rẹ̀. A máa ń pe ìpàdé ẹbí lé wọn lórí bí ẹni pé wọn kò sí nínú yàrá. Ẹ bi wọ́n léèrè: ta ni wọ́n fẹ́ súnmọ́? Ṣé wọ́n lè fara da ariwo? Kí ni wọn kò lè ṣe aláìní? Bàbá kan lè má fẹ́ ju ọgbà kékeré tó lè ti jókòó gbọ́ rédíò lọ. Òmíràn fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nítòsí.

Nígbà tí ọpọlọ wọn sì ṣì dá ṣáká, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ń pè ní Lasting Power of Attorney. Oríṣi méjì ni: ọ̀kan fún owó àti dúkìá, èkejì fún ìlera àti ìgbé ayé. Ẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Public Guardian kó tó ṣeé lò. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán, tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí mọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́; ilé ẹjọ́ ló kù, ilé ẹjọ́ sì ń gba owó, ó ń gba àkókò.

Ilé kan kò jọ ilé kan

Ẹ má ṣe da gbogbo ilé àgbà pọ̀ mọ́ra wọn. Àwọn kan wà tó jẹ́ fúláàtì lásán: àgbà ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ó ń dáná fúnra rẹ̀, okùn tàbí bọ́tìnnì kan wà tí ó lè fi pe ènìyàn bí nǹkan bá ṣe é. Àwọn kan jẹ́ fúláàtì bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn olùtọ́jú wà nínú ọgbà náà tó lè wọlé wá wẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fún wọn lóògùn. Ẹ̀kẹta ni ilé tí wọ́n ti ń jẹun pọ̀, tí olùtọ́jú wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí nọ́ọ̀sì tó gba ìwé ẹ̀rí wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà gbogbo, fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti kọjá ọwọ́ olùtọ́jú lásán.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn abúlé ìfẹ̀yìntì tó ní adágún omi ìwẹ̀ àti ilé oúnjẹ. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àgbà ń fi owó ńlá ra fúláàtì fún iye ọdún kan ni. Owó ìtọ́jú ọgbà wà lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, ó sì ń gòkè. Bí wọ́n bá kú, tí àwọn ọmọ fẹ́ tà á, ilé-iṣẹ́ náà lè yọ owó tirẹ̀ nínú owó tí wọ́n tà á. Ìgbìmọ̀ tó ń dábàá àtúnṣe òfin ní England àti Wales, ìyẹn Law Commission, gbé àbọ̀ jáde lórí irú owó yìí ní 2017, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ nípa rẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ilé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ gbé ìwé àdéhùn náà fún lọ́yà tiyín, ẹ má gba lọ́yà tí àwọn tó ń tà á bá mú wá fún yín.

Kí ni àwọn aládùúgbò ń sọ?

Ní England, aládùúgbò tí ẹ lè kọ́kọ́ bi léèrè ni àjọ tó ń bẹ ilé ìtọ́jú wò, ìyẹn Care Quality Commission, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní tiwọn. Ìbéèrè márùn-ún ni àjọ náà ń béèrè: ṣé ewu kò sí níbẹ̀? Ṣé ìtọ́jú wọn ń ṣiṣẹ́? Ṣé wọ́n láàánú? Ṣé wọ́n ń ṣe ti oníkálukú bó ṣe fẹ́? Ṣé àwọn olórí mọ iṣẹ́ wọn? Ipò mẹ́rin ni wọ́n ń fi ilé sí: Outstanding ló ga jù, Good tẹ̀lé e, Requires improvement ni ẹ̀kẹta, Inadequate ló kẹ́yìn. Láti 2015 ni òfin ti sọ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan lẹ ipò rẹ̀ síbi tí àlejò yóò ti rí i. Bí ẹ bá dé ibì kan tí ẹ kò rí i lára ògiri, ìbéèrè àkọ́kọ́ yín nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má dúró lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà lókè ìwé. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò. Ilé tí wọ́n yìn ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lè ti pààrọ̀ máníjà lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ìbéèrè lórí ewu àti èyí tí wọ́n kọ nípa àwọn olórí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oògùn tí wọ́n gbàgbé àti alẹ́ tí òṣìṣẹ́ kò tó máa ń wà. Ẹ tún mọ̀ pé níbi fúláàtì àgbà, ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ nìkan ni àjọ yìí ń wò, kò bá ilé fúnra rẹ̀ tan.

Ìbéèrè gbèsè ńkọ́? Ní 2011, Southern Cross, ilé-iṣẹ́ tó ní ilé ìtọ́jú jù lọ ní Britain nígbà náà, wó lulẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n (31,000) àgbà ló wà lábẹ́ rẹ̀, nínú ilé tó tó 750. Ilé-iṣẹ́ náà ti ta àwọn ilé rẹ̀, ó sì wá ń yá wọn gbé. Owó ilé ń gòkè lọ́dọọdún, owó tí káńsù ń san kò sì gòkè tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn gba àwọn ilé náà, ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún tó ń gbọ́ nínú rédíò pé ẹni tó ni bẹ́ẹ̀dì tí òun ń sùn lé ti wọ gbèsè. Nítorí náà, ẹ béèrè ẹni tó ni ilé, àti ẹni tó ni ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó

England nìkan ni iye tí n óò dárúkọ yìí wà fún. Bí owó àti dúkìá àgbà bá ju £23,250 lọ, òun ni yóò san gbogbo owó ilé ìtọ́jú. Bó bá wà láàárín £14,250 sí £23,250, káńsù yóò gbé apá kan, òun náà yóò gbé apá kan. Bí kò bá tó £14,250, wọn kò ní fọwọ́ kan owó tó fi pamọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò lọ síbẹ̀. Láti 2010 ni iye wọ̀nyí ti dúró sójú kan, bí gbogbo nǹkan mìíràn ti ń wọ́n sí i. Ìjọba ti ṣèlérí rí pé ẹnikẹ́ni kò ní san ju £86,000 lọ fún ìtọ́jú ara ní gbogbo ayé rẹ̀. Ní oṣù Keje 2024 ni wọ́n fagi lé e.

Ilé tí àgbà ń gbé wà lára dúkìá bí wọ́n bá kó lọ sí ilé ìtọ́jú pátápátá, àfi bí ọkọ, aya, tàbí ẹbí tó ti tó ọgọ́ta ọdún bá ṣì ń gbé inú rẹ̀. Káńsù kò gbọ́dọ̀ ka ilé náà fún ọ̀sẹ̀ méjìlá àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ilé tí bàbá kọ́ sí Ìjẹ̀bú tàbí Ọ̀ṣun kò kan káńsù. Ó kàn án. Dúkìá òkè òkun wà lára ohun tí wọ́n lè béèrè. Bí ẹ bá sì sáré yí orúkọ ilé sí ti ọmọ nítorí owó yìí, káńsù lè ka ilé náà bí ẹni pé ti bàbá ni síbẹ̀.

Owó wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í gbà. Bí ìṣòro tó pọ̀ jù bá jẹ́ ti àìsàn, NHS lè san gbogbo rẹ̀, kò sì béèrè iye tí ẹ ní ní báńkì. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ilé tó ní nọ́ọ̀sì, NHS tún ń san owó kan fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tààrà fún ilé náà. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ san lè máa gba Attendance Allowance lọ. Bí káńsù bá sì ń san, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ilé kan ó kéré tán hàn yín tí owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yóò tó. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹbí ni yóò fi kún un, ọdọọdún ni yóò sì máa lé sí i. Kí ẹ tó bọwọ́ ìwé, ẹ béèrè: bí owó bá tán ńkọ́? Bí wọ́n bá lọ sùn ní ọsibítù fún oṣù kan, èló la máa san? Bí ọlọ́jọ́ bá dé, ìgbà wo ni owó dúró?

Ọwọ́ ni kí ẹ wò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ wo ilé kan ní gúúsù London fún ìyá rẹ̀. Òdòdó wà lẹ́nu ọ̀nà, kápẹ́ẹ̀tì rọ̀ lẹ́sẹ̀, máníjà rẹ́rìn-ín sí wa. A jókòó sí pálọ̀ ní àsìkò tíì ọ̀sán. Bàbá kan jókòó sórí àga ńlá lẹ́bàá fèrèsé. Ọmọbìnrin kan gbé ife tíì wá, ó gbé e ka orí tábìlì kékeré kan, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Tábìlì yẹn jìnnà díẹ̀ sí wọn. Bàbá nawọ́, kò tó. Wọ́n tún nawọ́. Wọ́n wá fi ọwọ́ náà lé orí itan wọn. Nígbà tí tíì ti tutù pátápátá, òṣìṣẹ́ mìíràn dé, ó gbé ife tó kún dẹ́nu lọ, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé. Ọ̀rẹ́ mi, tí òun náà ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, rọra bi í léèrè ohun tó kọ. Ó ní òun kọ ọ́ pé bàbá ti mu tíì.

Ilé kejì tí a dé kò ní òdòdó. Ọ̀dà ti ń ṣí lára fèrèsé. Ọmọkùnrin kan láti Kerala ń fún ìyá kan lóúnjẹ. Ó fa àga sún mọ́ wọn, ó jókòó kí ojú rẹ̀ àti tiwọn lè ṣe déédéé. Ó ń dúró kí wọ́n gbé ti ẹnu mì kó tó gbé ṣíbí mìíràn, ó sì ń sọ ohun tó wà nínú ṣíbí náà fún wọn. Kò mọ̀ pé a ń wo òun. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi mú.

Irú wíwò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀mọ̀wé Peter Townsend náà wò nígbà tó ń ṣèwádìí fún ìwé rẹ̀, The Last Refuge, tó jáde ní 1962. Ó rìn káàkiri àwọn ilé àgbà England àti Wales, tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì jẹ́ ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí láyé àtijọ́. Ìmọ́tótó nìkan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wò ó bóyá àgbà ní ìgbà tó lè dá wà, bóyá ó rí nǹkan ṣe, bóyá ó ṣì lè fúnra rẹ̀ pinnu ohunkóhun.

Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán: ọ̀kan tí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, ọ̀kan tí wọn kò mọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ Àìkú. Ẹ tẹ́tí sí aago ìpè: bó bá dún, báwo ló ṣe pẹ́ tó kí ẹnì kan tó lọ? Ẹ fi imú yín ṣiṣẹ́. Ilé tí àgbà wà kò ní ṣàì ní òórùn ìtọ̀ nígbà mìíràn, àmọ́ òórùn tó ti wọnú àga ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ béèrè iye òṣìṣẹ́ tó wà ní aago méjì òru, fún iye àgbà mélòó; òfin England kò dá iye kan pàtó, ó kàn ní kí wọ́n tó ni, torí náà ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè. Ẹ béèrè bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń pẹ́ tó, bóyá ti ilé náà ni wọ́n tàbí ẹ́jẹ́ńsì ló ń rán tuntun wá lójoojúmọ́. Ìbéèrè àwọn baba wa nìyẹn: àwọn ìyàwó tó wọ ibẹ̀, ṣé wọ́n ń pẹ́?

Ohun tí ìwé àyẹ̀wò kì í kọ

Àwọn nǹkan kan kan àwa, tí ará ibí lè má ronú kàn. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún, tí ilé, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní Màmá Ṣọlá, tí àbúrò wọn gan-an kò pè lórúkọ rí, ni ọmọ ogún ọdún yóò wọlé bá tí yóò ní, “Hello, Felicia!” Ọmọ náà kò gbèrò ibi, bí wọ́n ṣe ń fìfẹ́ hàn níbí nìyẹn. Àmọ́ ó lè dun ìyá débi tí wọn kò fi ní dáhùn, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò gbọ́ràn. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìtọ́jú wọn: “Mama” ni kí ẹ máa pè wọ́n.

Èdè tẹ̀lé e. Bí iyè bá ń ra, èdè tí ènìyàn kọ́ gbẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìyá tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún lè máa fi Yorùbá nìkan béèrè omi lóru. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlẹ̀kùn wọ́dúróòbù, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń pè é: omi, òtútù ń mú mi, ó ń dùn mí, mo fẹ́ tọ̀, ó tó. Ilé tó bá gbà á tayọ̀tayọ̀, ẹ fi sọ́kàn. Èyí tó bá ní kò sáyè fún un, ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Lórí oúnjẹ, ẹ béèrè bóyá ẹ lè máa gbé ọbẹ̀ wá àti ibi tí wọn yóò gbé e sí. Àmọ́ ẹ má fi ìfẹ́ ṣe ìpalára: òkèlè tí a ń gbé mì láìjẹ lè há ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ti rọ. Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ nípa gbígbé-oúnjẹ-mì wò wọ́n ná.

Lórí awọ ara, ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an. Lára òyìnbó, ibi tí egbò ìdùbúlẹ̀ ti fẹ́ yọ máa ń pọ́n. Lára adúláwọ̀, pípọ́n náà lè má hàn rárá. Ọwọ́ ni wọ́n ń fi mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ á gbóná, tàbí kó le, tàbí kó máa dùn wọ́n. Ẹ bi máníjà pé, “Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n lára ẹni dúdú?” Bí ó bá ní ìdáhùn, ẹ ó mọ̀. Ẹ béèrè nípa òrí pípa, irun dídì, alùwàlá àti ẹran halal fún mùsùlùmí, pásítọ̀ tó fẹ́ wá gbàdúrà, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe òkú wọn.

Àwọn ọmọ wa ló wà níbẹ̀

Mo wo inú gbọ̀ngàn yìí, mo sì mọ̀ pé ẹni tó wà níbí tó ń ṣe iṣẹ́ kẹ́à kò kéré. Nígbà tí ìjọba ṣí físà fún àwọn olùtọ́jú ní oṣù Kejì 2022, ọ̀pọ̀ tó jẹ́ tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ báńkì ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ló gbé báàgì wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024, wọ́n ní olùtọ́jú tuntun kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà fún gbígba olùtọ́jú tuntun láti òkè òkun. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bi ilé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe fẹ́ máa rí òṣìṣẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé olùtọ́jú tí físà rẹ̀ so mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo lè rí ohun tí kò dára kó sì bẹ̀rù láti sọ ọ́. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ; àmọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ẹnu rẹ̀ wúwo.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìmọ̀ tí ẹbí ń wá kiri wà nílé wa. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ ilé tí omi kì í dé ọwọ́ àgbà, wọ́n mọ máníjà tó ń wá lóru. Síbẹ̀, nígbà tó bá kan ìyá wa, ojú ń tì wá láti bi wọ́n, kí aráyé má baà gbọ́. A wá lọ ń ka ìwé ìpolówó aláwòrán.

Ẹ yan ilé tí ẹ lè máa yà sí

Ọjọ́ tí ẹ gbé wọn wọlé ni iṣẹ́ àbẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ Kòrónà, àwọn ilé ìtọ́jú ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ń dúró níta fèrèsé, ìyá ń wo ọmọ látinú gíláàsì. Láti oṣù Kẹrin 2024, òfin England sọ pé ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ gba àbẹ̀wò láàyè, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Ẹ̀tọ́ yín ni; ẹ lò ó.

Ẹ lọ ní oríṣiríṣi àsìkò. Ẹ mọ orúkọ àwọn olùtọ́jú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ara àgbà yín sí. Bí wọ́n bá ń fọn, ẹ ó tètè rí i. Àgbà tí olùtọ́jú mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ lè wọlé nígbàkígbà, ife tíì rẹ̀ kì í jìnnà sí ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí ẹ yan ilé tó wà lọ́nà ibiṣẹ́ yín, tí bọ́ọ̀sì kan gbé yín dé, ju èyí tó wà létí òkun ní Kent tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ẹ lè lọ.

Àwọn tí òbí wọn wà nílé ní Nàìjíríà ń bi mí pé tiwọn ńkọ́. Láti oṣù Keje 2012 ni òfin ti mú kó nira gidigidi láti mú òbí arúgbó wá gbé níbí, nítorí náà ilé ni ọ̀pọ̀ wọn yóò wà. Ilé àgbà wà ní Yábà tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Regina Mundi ti ìjọ Àgùdà wà ní Mushin. Àwọn ti aládàáni náà sì wà. Yálà ilé bẹ́ẹ̀ ni, yálà ọmọ ọ̀dọ̀ tí ẹ gbà sílé bàbá ni, ìbéèrè kan náà ni: ta ló wà níbẹ̀ lóru, ta ló ń sanwó rẹ̀, ta ló sì ń yà wò ó láìsọ tẹ́lẹ̀? Ẹ yan ẹnì kan nínú ẹbí tó ń gbé nítòsí, kí ẹ sì san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Ìparí

Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ìlú London yìí ṣe nǹkan mẹ́ta kí ọdún tó parí. Ìkíní, kí a kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n sì fẹ́ máa bá ẹbí lọ wo ilé, kí ẹnikẹ́ni má dá lọ mọ́. Ìkejì, kí a pín ara wa láti máa bẹ àwọn àgbà Yorùbá tí kò ní ọmọ nítòsí wò. Ẹ gbé ọbẹ̀ dání, ẹ lọ kí wọn ní èdè wọn. Ìkẹta, kí gbogbo ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún lọ fọwọ́ sí ìwé aṣojú tí mo sọ. Ìwé náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọ̀dọ́ wa tó wà níbí lè ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tuntun tí kò tíì mọ ibi tó wà, ó yẹ kí a ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó bí wa, tó mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe sí i, àmọ́ tí kò lè sọ ọ́ mọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí a dàgbà, á sì jẹ́ kí a rí ọwọ́ tó dára nígbà tí ọwọ́ tiwa kò bá lè dé ibi tó ń lọ mọ́.